Orí Keje: Dídi Òṣìṣẹ́ Mú Nígbà Tí Iṣẹ́ Ń Bọ́ Sọ́wọ́ Agbaṣẹ́ṣe

Ohun tí orí yìí dá lé

Nínú orí tó ṣáájú, a sọ ìdí tí ilé iṣẹ́ fi máa ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe. Ibi tí ìyẹn parí sí ni orí yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ tí wọ́n kéde pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò gbà á? Àwọn èbúté Àpápá, Tin Can Island àti Kirikiri ní Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka orí yìí tán yóò lè ṣàlàyé ìdí tí àkókò yẹn fi léwu, yóò mọ ohun tí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ nípa rẹ̀, yóò sì lè ṣírò ohun tó ń náni láti ṣe é dáadáa àti ohun tó ń náni láti ṣe é ṣákálá.

1. Ọwọ́ ẹni tó ń lọ ni iṣẹ́ òní wà

Kirikiri Lighter Terminal wà létí omi tó gba Àpápá kọjá lọ sí ọ̀nà Àgbádárìgì, kò sì jìnnà sí Ajégúnlẹ̀. Torí bájì ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọkọ̀ òkun ńlá yóò dúró sójú omi, wọn yóò kó ẹrù rẹ̀ sínú bájì, ọkọ̀ kékeré alágbára kan yóò wọ́ bájì náà wá sí èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì já ẹrù sílẹ̀. Orúkọ àdúgbò tó múlé ti ibẹ̀ sọ fúnni pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ajé kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gúnlẹ̀. Ẹnì kan ló ń so ó mọ́ okùn kírènì, ẹnì kan ló ń kà á, ẹnì kan ló ń gbé e wọ ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹni yìí ló ń gbé Ajégúnlẹ̀: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo àti Igbo, tí iṣẹ́ omi àti iṣẹ́ èbúté kó jọ sí ojú kan.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé nígbà tí iṣẹ́ bá ń kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ẹni tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ lọ́la ni iṣẹ́ òní dúró lé lórí. Agbaṣẹ́ṣe tuntun lè má tíì dé. Bó bá sì ti dé, kò tíì mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ìfàlélọ́wọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ gbọ́dọ̀ di òṣìṣẹ́ tó ń lọ mú títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ohun mẹ́ta ló lè dì í mú: òtítọ́ tí wọ́n tètè sọ, ọjọ́ tí wọn kò yẹ̀, àti owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kó tó jáde ní géètì. Ìhalẹ̀ kò lè ṣe é, ọ̀rọ̀ dídùn nìkan kò sì lè ṣe é. A ó fi ìtàn, òfin àti ìṣirò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, a ó sì dáhùn àwọn tó lòdì sí i.

2. Bí èbúté ṣe di ilé àyágbé

Ọdún 1955 ni Àjọ Èbúté Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NPA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún àádọ́ta ọdún, òun ló ni ilẹ̀ èbúté, òun ló ni kírènì, òun náà ló sì ń san owó oṣù ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú omi Èkó láìrí ibi gúnlẹ̀ sí, púpọ̀ nínú wọn ló sì kó sìmẹ́ńtì tí ìjọba ti rà ju agbára èbúté lọ. Ìnira yẹn ló mú kí wọ́n yára kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ gan-an ni èbúté bájì máa ń wúlò, nítorí bájì lè gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ tí kò rí àyè lẹ́bàá èbúté. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ńténà gbòde. Ẹrù tí ọgọ́rùn-ún ọwọ́ ń já tẹ́lẹ̀ di ohun tí kírènì kan ń gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ bájì sì rọlẹ̀.

Nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ pinnu pé kí NPA di onílé, kí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni sì wá di ayálégbé tí yóò máa já ẹrù. Àjọ tó ń bójú tó títa ohun ìní ìjọba, BPE, ló darí ètò náà. Láàárín 2004 sí 2006 ni wọ́n pín àwọn èbúté fún ilé iṣẹ́ lóríṣiríṣi. APM Terminals gba èbúté kọ̀ńténà Àpápá fún ọdún 25 láti 2006, ENL Consortium sì wà lára àwọn tó gba ìyókù Àpápá. NPA tó ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000 kò tún nílò púpọ̀ nínú wọn mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì gba ìwé gbélé-ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ takú pé kí wọ́n kọ́kọ́ jíròrò lórí owó àwọn tó ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó fa kọ́kọ́rọ́ lé ayálégbé lọ́wọ́, ìjíròrò yẹn sì gba àkókò. Àwọn kan nígbà náà rí i bí ìdènà. Ohun tí ìtàn fi hàn lẹ́yìn náà ni pé ibi tí ìjíròrò kò ti parí ni wàhálà ti pẹ́ jù. Àwọn akọ̀wé tálì, tí wọ́n ń ka ẹrù bó ṣe ń jáde látinú ọkọ̀, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró lórí ọkọ̀ kò wọ inú ètò owó náà bó ṣe yẹ. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn 2006 tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú omi, MWUN, ṣì ń bá ìjọba fà á, tó sì ń fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ halẹ̀ lórí gbèsè náà.

3. Ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé àdéhùn

Ìwé àdéhùn máa ń ka kírènì, ilé ìkẹ́rùsí àti gígùn èbúté. Kì í ka ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bájì kan tí wọ́n ń já àpò ẹrù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kó àpò apá ọ̀tún tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan ti òsì, bájì yóò fì, àpò yóò yọ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan sì lè há sábẹ́ rẹ̀. Fóòmánù tó mọṣẹ́ á ní kí wọ́n máa mú un ní ìpele ìpele, díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì. Omi ọ̀sà ń kún, ó sì ń fà, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa dẹ okùn tí wọ́n fi so bájì, kó sì tún máa fà á le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ okùn á já tàbí kí bájì rọ̀ sára ògiri èbúté. Ẹni tó ń wa kírènì kì í rí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ ẹni tó dúró létí ihò ni ó ń wò: ìka tó nà sókè tó ń yí po ń sọ pé kó gbé e, ìka tó kọjú sílẹ̀ tó ń yí po ń sọ pé kó rọra sọ ọ́. Àwọn méjèèjì lè má bára wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, síbẹ̀ ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe mọ ara wọn tó.

Irú ìmọ̀ yìí kì í kọjá nípa ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe. Ó ń kọjá nígbà tí ẹni àtijọ́ àti ẹni tuntun bá jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹni àtijọ́ bá ti rí iṣẹ́ mìíràn ní oṣù méjì ṣáájú, tàbí tí inú ń bí i débi pé kò fẹ́ la ẹnu, ẹni tuntun ni yóò fi ara kọ́ ọ. Ẹni tó sì máa ń tètè lọ ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ jù, torí òun làwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń wá. Bí wọn kò bá ṣe ohunkóhun láti dì í mú, ẹni tí kò rí ibì kankan lọ ni yóò kù sílẹ̀ láti fa iṣẹ́ lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́.

Èbúté Èkó tún kọ́ wa pé ìmọ̀ tí wọ́n dà nù lónìí lè di ohun tí wọ́n ń wá kiri lọ́la. Ní nǹkan bíi 2018 sí 2020, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ àjàgbé ní Àpápá burú débi pé ọkọ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú títì kó tó wọ èbúté. Àwọn oníṣòwò bá padà sórí omi. NPA fún àwọn onílé iṣẹ́ bájì ní ìwé àṣẹ, bájì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kó kọ̀ńténà láti Àpápá àti Tin Can lọ sí Kirikiri àti Ìkòròdú. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ti rò pé àkókò rẹ̀ kọjá ló wá ń gba èbúté là. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá àwọn tó mọ okùn àti omi pínyà dáadáa lè pè wọ́n padà. Èyí tó jẹ wọ́n lówó kò lè pè wọ́n.

4. Ohun tó ń di òṣìṣẹ́ mú

Òtítọ́ ló ṣáájú. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ sí Labour Act, sọ ní abala 20 pé agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìṣeégbáralé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ó tún ní kí agbanisíṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti jíròrò lórí owó tí àwọn tó ń lọ yóò gbà. Abala 10 sọ pé a kò lè gbé òṣìṣẹ́ láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kan sí òmíràn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Abala 11 ní kí wọ́n fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Oṣù kan kò tó fún ìfàlélọ́wọ́ iṣẹ́ ńlá, ohun tó kéré jù tí òfin gbà ni. Ọ̀gá tó bá ń dúró dìgbà tí oṣù kan bá kù yóò rí i pé àhesọ ti ṣáájú òun dé ibi iṣẹ́, bí àhesọ bá sì ti dé, òṣìṣẹ́ kò ní gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá gbọ́ mọ́.

Lẹ́yìn òtítọ́ àti ọjọ́ tí wọn kò yẹ̀ ni owó, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín sí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ tó ti jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀: owó oṣù, owó ìsinmi, àti owó ìfẹ̀yìntì tí òfin 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 10 nínú 100 sí, kí òṣìṣẹ́ sì san ìdá 8. Ìkejì ni owó ìdágbére tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ bá fẹnu kò sí. Ìkẹta ni èyí tí a ó máa pè ní owó ìdúródópin nínú ìwé yìí, ìyẹn àfikún tí òṣìṣẹ́ yóò gbà kìkì bó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n dá, títí kan ọjọ́ ìfàlélọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá kan máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ kò ní gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ àfi bó bá dúró dópin. Àṣìṣe ńlá ni. Ẹ̀tọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn, a kò sì lè fi ohun ẹni dè é mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Iye tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ lásán ni iye inú rẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Ká sọ pé èbúté kan ní 60 òṣìṣẹ́ tó ṣe kókó, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba 150,000 náírà lóṣù. Owó oṣù gbogbo wọn jẹ́ 9,000,000 náírà. Ti oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ìfàlélọ́wọ́ jẹ́ 27,000,000. Bí wọ́n bá fi ìdá 25 nínú 100 kún un bí owó ìdúródópin, àfikún náà jẹ́ 6,750,000 náírà. Ká wá sọ pé bí iṣẹ́ bá dúró fún ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tàbí nítorí pé àwọn tó mọ kírènì ti lọ, èbúté àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pàdánù 10,000,000. Ọjọ́ kan péré tí wọn kò pàdánù ti san owó ìdúródópin, ó sì ti ṣẹ́kù. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìtàn ti ìṣirò yìí lẹ́yìn. Ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹ̀rọ àti kọ̀ńténà ń bọ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté ILWU, tí Harry Bridges ń darí, bá àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn ní 1960. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà kí ẹ̀rọ wọlé. Àwọn agbanisíṣẹ́ gbà láti máa dá nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là márùn-ún lọ́dọọdún, kí wọ́n fi ran àwọn tó bá fẹ́ tètè fẹ̀yìn tì lọ́wọ́, kí wọ́n má sì lé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Nígbà tí àdéhùn yẹn wà, àyípadà ńlá wọlé láìsí pé èbúté dàrú. Nílé, nígbà tí ìjọba fẹ́ fa àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná lé aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, owó àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 40,000 wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ jíròrò lé, ìfàlélọ́wọ́ sì wáyé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pa Nigeria Airways tì ní nǹkan bíi 2003, gbèsè òṣìṣẹ́ wà nílẹ̀ títí di 2018 kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìdajì rẹ̀. Àwọn kan ti kú kí owó náà tó dé. Gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń bá ìjọba jókòó lónìí ló mọ ìtàn yẹn, ìdí sì nìyẹn tí wọn kì í gba ìlérí lásán.

5. Àwọn àtakò, àti èsì wọn

Àtakò tó lágbára jù ni pé àyípadà 2006 ṣe èbúté láǹfààní. Òótọ́ ni. Kó tó di 2006, ọkọ̀ máa ń dúró pẹ́ lójú omi, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ń gba owó lé owó nítorí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2007, ìdúró yẹn ti dín kù púpọ̀, àfikún owó tí wọ́n ń gbà lórí kọ̀ńténà kan sì ti wá láti 525 yúrò sílẹ̀ sí 75. A kò lè fojú pa èyí rẹ́. Òótọ́ sì ni pé òṣìṣẹ́ NPA pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà lọ. Ṣùgbọ́n orí yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ wa. Èrè tí àyípadà náà mú wá gan-an ló fi hàn pé owó wà láti fi san ẹ̀tọ́. Bí gbogbo orílẹ̀-èdè bá jèrè, kò tọ́ kí akọ̀wé tálì kan ní Ajégúnlẹ̀ nìkan san iye rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní òṣìṣẹ́ tó mọ̀ pé òun ń lọ yóò máa tọwọ́ bọ ẹrù, yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí náà ó sàn kí wọ́n lé e jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde. Ewu náà wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kan, ta ni yóò kọ́ àwọn tuntun? Ìbínú tí ń ba nǹkan jẹ́ sábà máa ń wá láti inú ẹ̀tàn. Ẹni tó ní iye kan pàtó láti gbà ní ọjọ́ kan pàtó, bí ohun gbogbo bá pé lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìdí láti ṣọ́ ẹrù ju ẹni tí kò mọ ohun tí yóò bá lọ sílé. Kí wọ́n pín owó ìdúródópin sí méjì, ìdajì ní àárín, ìdajì lọ́jọ́ ìfàlélọ́wọ́, kí àyẹ̀wò ẹrù sì wà ní ìgbà méjèèjì.

Àtakò kẹta wá láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe: wọn kò lè fi agbára mú òun gba òṣìṣẹ́ àtijọ́ tí fífi iṣẹ́ ṣeré ti mọ́ lára. Ohun tí a dámọ̀ràn ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn àtijọ́ ni agbaṣẹ́ṣe yóò kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kó tó wá ẹlòmíràn, kó sì ní oṣù mẹ́ta láti dán ẹni tó bá mú wò. Ẹni tí kò bá kúnjú òṣùwọ̀n, kó lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: agbaṣẹ́ṣe ní owó àti ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ àtijọ́ mọ omi àti ẹrù. Ewu tó wà ńbẹ̀ ni pé agbaṣẹ́ṣe lè gba àwọn kan náà padà bí òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ní ìdajì owó, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Ìyẹn kì í ṣe dídi òṣìṣẹ́ mú. Kí iye owó àti ẹ̀tọ́ tí kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ wà nínú ìwé kí wọ́n tó bọwọ́ lùwé.

6. Ìparí

Ìfàlélọ́wọ́ mìíràn ń bọ̀. Ọdún 25 tí APM Terminals gbà láti 2006 yóò pé ní 2031, èbúté Lekki tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 sì ti ń gba ọkọ̀ tí kì bá wá sí Àpápá. Àwọn tó máa jíròrò nígbà náà, lára ìjọba, ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, lè jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí lónìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ yóò bi wọ́n ni bóyá wọ́n ti san ti àwọn akọ̀wé tálì. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni yóò sọ bóyá òṣìṣẹ́ yóò dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, tí yóò dẹ okùn bájì bí omi bá ń kún, tí yóò sì fi bí wọ́n ṣe ń dẹ̀ ẹ́ han ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, owó ìdágbére àti owó ìdúródópin. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n dà wọ́n pọ̀?

2. Ilé iṣẹ́ kan ní 40 òṣìṣẹ́ tó ṣe kókó, owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120,000 náírà. Ṣírò owó ìdúródópin oṣù mẹ́rin bó bá jẹ́ ìdá 20 nínú 100 owó oṣù wọn. Ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró kí àdánù tó ju owó yìí lọ, bí àdánù ọjọ́ kan bá jẹ́ 1,500,000 náírà?

3. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sọ ohun tí abala 10 àti abala 20 Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà wí, kí o sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ti tó.

4. "Èrè tí àyípadà 2006 mú wá tó láti gbàgbé ìnira tó bá a rìn." Jiyàn fún ọ̀rọ̀ yìí tàbí kí o takò ó, kí o sì fi ẹ̀rí láti inú orí yìí ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn.